Bí Iná Bá Lọ, Ẹ̀kọ́ Ò Gbọdọ̀ Lọ

Nínú gbogbo ohun tó mú kí iṣẹ́ olùkọ́ wù mí, ìmúrasílẹ̀ ló gba iwájú. Kí olùkọ́ tó wọ kíláàsì, ó ti gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹ̀kọ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí ó ti lè rú ọmọ lójú, àti ohun tí yóò gbé síwájú ọmọ náà tí ojú rẹ̀ yóò fi là. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ni mí, sáyẹ́ǹsì ni mo ń kọ́ni. Agbègbè Ọ̀sí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ní ìpínlẹ̀ Kwara, ni wọ́n rán mi lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni tí gbogbo wa ń pè ní TP. Ibẹ̀ ló ti yé mi yékéyéké pé ìmúrasílẹ̀ tó gbára lé iná ẹ̀lẹ́tíríìkì nìkan kò tíì parí.

Mo fẹ́ràn ẹ̀rọ. Fídíò lè fi ohun tí ojú lásán kò lè rí han ọmọ: bí ọkàn ṣe ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara, bí ayé ṣe ń yí oòrùn ká. Láti ọdún 2022 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara ti gbé ètò KwaraLEARN kalẹ̀, tí àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń fi tábúlẹ́ẹ̀tì kọ́ni. Ẹ̀rọ ti wọ kíláàsì, kò sì ní jáde mọ́. Àwa tí a ń lò ó ló yẹ kí a mọ ìwà rẹ̀.

Ẹ wo pròjẹ́tọ̀ onígílóòbù. Ó máa ń gbóná gan-an, fáànù inú rẹ̀ ló sì ń tù ú. Bí iná bá lọ lójijì, fáànù á dúró nígbà tí gílóòbù kò tíì tutù. Bí wọ́n bá dá iná padà kíá, ẹni tó bá sáré tàn án lè bà á jẹ́; ó yẹ kó fún un láyè kó tutù ná. Ogójì ìṣẹ́jú péré sì ni ẹ̀kọ́ kan. Ẹ yọ àkókò tí a fi so wáyà pọ̀, ẹ yọ èyí tí a fi wá ẹni tí yóò tan jẹnẹrétọ̀, ẹ yọ ti ìtutù. Kí ló kù fún ọmọ? Bí jẹnẹrétọ̀ bá sì tàn tán, ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí àwọn tó jókòó lẹ́yìn gbọ́ ohùn olùkọ́.

Àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ yìí ló fi ọ̀nà hàn mí. Ọ̀sí ni ìlú Aréògún, àgbà agbẹ́gilére tó kú ní 1954. Ọmọ rẹ̀, George Bándélé, ló kọ́ Lámídì Fákẹ́yẹ níṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí Fadá Kevin Carroll ti bójú tó ilé iṣẹ́ ọnà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947. Ní Odò-Ọwá, nítòsí Ìlọ́fà, ni Bámgbóyè ti gbẹ́ àwọn ère Ẹpa tí aráyé ń lọ wò ní mùsíọ́ọ̀mù lónìí. Òun náà ṣe olùkọ́, ó kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé níṣẹ́ ọnà ní Ọ̀mù-Àrán. Fadá Carroll kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ìpele mẹ́rin ni iṣẹ́ àwọn agbẹ́gilére ń gbà: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín. Kò sí ẹni tí í fín ojú ère tí kò tíì lé orí àti ọrùn rẹ̀ jáde.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣètò ẹ̀kọ́ mi. Kókó kan ṣoṣo tí ọmọ gbọ́dọ̀ mú lọ sílé ni mo kọ́kọ́ ń lé jáde. Lẹ́yìn náà ni mo ń to ìbéèrè tẹ̀léra tẹ̀léra, tí mo sì ń wá ohun tí ọwọ́ ọmọ lè kàn. Fínfín ni fídíò. Bí fínfín kò bá ṣeé ṣe lónìí, ère ṣì dúró.

Bí àpẹẹrẹ, mo fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ JSS 2 bí òdòdó ṣe ń di èso. Mo ti dáńlóòdù fídíò tó dára, ṣùgbọ́n mo ti rí elégédé tó fà lọ lẹ́yìn ilé ìwé. Òdòdó rẹ̀ tóbi, àárọ̀ ló sì ń là; kó tó di ọ̀sán, ó ti pa dé. Nítorí náà, kí aago tó lù, mo ti já díẹ̀ sínú abọ́. Iná sì lọ lóòótọ́. Mo pín àwọn ọmọ sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, mo fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní òdòdó méjì, mo ní kí wọ́n wá ìyàtọ̀. Wọ́n rí i pé ọ̀kan gùn lọ́rùn, tí èèyàn bá sì fi ìka kan àárín rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú á lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Èkejì ní elégédé kékeré kan nídìí.

Ọmọkùnrin kan dìde lẹ́yìn. "Àǹtí, èyí tí kò lọ́mọ nídìí yìí ló máa ń kọ́kọ́ yọ lóko wa, á kàn máa já bọ́. Màmá mi ní ilẹ̀ ni kò dáa."

Mo ní kó tún un sọ kí gbogbo kíláàsì gbọ́. Akọ nìyẹn. Òdòdó akọ ló máa ń ṣíwájú, kì í sì í so. Lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀ ni oyin ń gbé lọ sára abo, abo ló ń di elégédé. Ilẹ̀ màmá rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Bí mo ṣe wí bẹ́ẹ̀ tán ni ọmọbìnrin kan béèrè pé, bí oògùn kòkòrò bá wá pa àwọn oyin ńkọ́? Ìbéèrè yẹn la fi ìyókù àkókò wa dáhùn. Nígbà tí iná dé, tí mo fi fídíò hàn wọ́n, àwọn fúnra wọn ló ń nawọ́ sí akọ àti abo kí n tó sọ̀rọ̀.

Yorùbá ni a fi jíròrò yẹn. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 fi hàn pé ọmọ lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì, kó sì yé e yékéyéké. Èdè abínibí kò nílò iná.

Ẹ̀bùn mìíràn tí TP fún mi ni pátákó. Olùkọ́ àgbà kan wà tí mo máa ń jókòó sẹ́yìn kíláàsì rẹ̀. Bí màmá yìí bá ń kọ́ wọn nípa ọkàn, ẹnu rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ jọ ń rìn ni: ó fa yàrá òkè, ó dúró, ó bi wọ́n ní ìbéèrè, ó fa yàrá ìsàlẹ̀, ó fi ẹfun pupa tọ ipa ẹ̀jẹ̀ tó mọ́. Àwọn ọmọ ń yà á bó ṣe ń yà á. Lójú pròjẹ́tọ̀, àwòrán a máa yọ lódindi lẹ́ẹ̀kan. Lójú pátákó, ọmọ ń rí i bó ṣe ń dàgbà, ó sì mọ èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e. Mo ń fi alaalẹ́ kọ́ ọwọ́ ara mi lórí ìwé àpò sìmẹ́ńtì.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ni pé kí wọ́n máa dán wa wò lórí pátákó àti ohun àrọ́wọ́tó bí wọ́n ṣe ń dán wa wò lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tó ń bọ̀ wá ṣe TP ní Ọ̀sí, ní Ìlọ́fà, ní Ọ̀bọ̀, ẹ ṣájì fóònù yín, ẹ tọ́jú fídíò yín, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lé ọnà yín dáadáa. Ẹ̀tọ́ ọmọ ni kí ẹ̀kọ́ òní yé e lónìí, yálà iná wà tàbí kò sí.