Àfọ́kù, Agolo àti Àjákù: Lámèyítọ́ lórí Ọnà Aláìnáwó nínú Ilé àti Lásìkò Ọdún

Nígbà tí àwọn onímọ̀ bá ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà Yorùbá, ère gbígbẹ́, idẹ dídà àti amọ̀ sísun ni wọ́n sábà máa ń gbé síwájú, wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ kọbi ara sí ọnà tí a ń fi àlòkù ṣe, ìyẹn ohun tí ó ti parí iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é, yálà nítorí pé ó fọ́, tàbí pé ó ya, tàbí pé ohun tí wọ́n dì sínú rẹ̀ ti tán. Ohun tí ó fà á kò ṣòro láti rí: àlòkù kò lówó lórí, àwọn tí ó sì ń fi í dárà kì í ṣe ọmọ agboolé agbẹ́gilére tí a mọ orírun wọn, bí kò ṣe ìyálé ilé, jórinjórin ẹ̀bá títì àti ọmọdé. Síbẹ̀, ọnà yìí ní òfin tí a lè fi díwọ̀n rẹ̀. Òfin náà ni pé kí oníṣẹ́ mọ àbùdá ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyíinì ni ohun tí ohun náà ṣì lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe mọ́, kí ó sì ti inú àbùdá yìí wá iṣẹ́ tuntun fún un. Iṣẹ́ tí ó bá pa òfin yìí mọ́ a máa dára, bí ó tilẹ̀ rí gbúngbùngbún. Èyí tí ó bá rú u a máa mẹ́hẹ, bí ó ti wù kí ó máa dán tó.

Ẹ̀rí pé òfin yìí ti pẹ́ wà lábẹ́ ilẹ̀ Ilé-Ifẹ̀. Ní Ìta Yemòó, níbi tí Frank Willett ti bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀ ní 1957, ní Lafogido tí Ekpo Eyo wà ní 1969, àti ní ilẹ̀ Ọbalára tí Peter Garlake wà ní 1971 sí 1972, àwọn awalẹ̀pìtàn bá àgbàlá àti ojúbọ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ nílẹ̀. Àpáàdì ni àfọ́kù ìkòkò, púpọ̀ nínú ilẹ̀ títẹ́ yìí ni àwọn onímọ̀ sì gbà pé a ṣe láàárín nǹkan bí 1000 sí 1400. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ifẹ̀ sọ pé Ọ̀ọ̀ni Lúwo, tí ó jẹ́ obìnrin, ni ó pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe é. Ọ̀nà tí wọ́n gbà tò ó ni ó yẹ kí lámèyítọ́ fara balẹ̀ wò. Wọn kò fi àpáàdì náà lélẹ̀ ní pẹlẹbẹ. Wọ́n dá a dúró ní ẹ̀gbẹ́, wọ́n tò wọ́n mọ́ ara wọn nínú ilẹ̀ tímọ́tímọ́, wọ́n sì jẹ́ kí ìlà kan dà sí ọ̀tún, kí èyí tí ó tẹ̀ lé e dà sí òsì, títí tí gbogbo rẹ̀ fi rí bí egungun ẹ̀yìn ẹja. Ní àwọn ibì kan, wọ́n to òkúta wẹ́wẹ́ funfun sí àárín ìlà àpáàdì, ní ibòmíràn, wọ́n ri ọrùn ìkòkò sílẹ̀ láàárín ojúbọ.

Ẹni tí ó bá ronú lórí iṣẹ́ yìí yóò rí i pé ẹni tí ó kọ́kọ́ dá a mọ ohun tí ó ń ṣe. Ìkòkò tí ó fọ́ kò lè gba omi dúró mọ́, ṣùgbọ́n omi pẹ̀lú kò lè ṣe é ní nǹkan kan, nítorí pé iná ti sọ amọ̀ rẹ̀ di ohun tí òjò kò lè yọ́. Bí a bá fi àpáàdì lélẹ̀ ní pẹlẹbẹ, ẹsẹ̀ ni yóò fọ́ ọ. Bí a bá dá a dúró ní ẹ̀gbẹ́, ó di alágbára, etí rẹ̀ tí ó ṣe págunpàgun kò sì ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ yọ̀ lásìkò òjò. Batani tí ojú ń rí, inú bí wọ́n ṣe tò ó kí ó má baà ṣí ni ó ti wá. Kò sí ẹni tí ó mú un wá láti ibòmíràn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ibi tí ọnà àlòkù Yorùbá ga dé rí nìyí, àwọn tí ó sì ń rò pé ìṣẹ́ nìkan ni ó ń mú ènìyàn lo àfọ́kù yẹ kí wọ́n rántí pé ìlú ọlọ́rọ̀ ni Ifẹ̀ nígbà náà, ìlú tí ó ń da idẹ tí ó sì ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀.

Nínú ilé lásán náà, ojú kan náà ni wọ́n fi ń wo àlòkù. Àpáàdì ni wọ́n fi ń bu ẹyin iná láti ilé aládùúgbò, àkísà ni wọ́n ń ká di òṣùká tí a ń gbé sórí kí ẹrù má baà dun orí. Nígbà tí òwò òkèèrè wá gbilẹ̀ lásìkò ìjọba amúnisìn, agolo dé, ó sì bá ọwọ́ tí ó ti mọ iṣẹ́ nílẹ̀. Garawa, ìyẹn páànù onígun mẹ́rin tí wọ́n fi ń kó kẹrosíìnì wọ ìlú, tí ó ń gba gálọ́ọ̀nù mẹ́rin, di ohun ìpọnmi, ó sì di òṣùwọ̀n tí àwọn alátà fi ń ta epo pupa. Agolo tòmátò De Rica náà di òṣùwọ̀n ìrẹsì àti ẹ̀wà débi pé dẹ́ríkà ni orúkọ òṣùwọ̀n náà lọ́jà títí di òní, kódà lẹ́nu ẹni tí kò se tòmátò náà rí. Páànù pẹlẹbẹ tí a fi ìṣó lu níhò láti ẹ̀yìn di ohun tí a fi ń rin gbágùúdá àti ewùrà ìkọ́kọrẹ́.

Nínú gbogbo iṣẹ́ agolo, fìtílà ni ó pé jù. Jórinjórin a mú agolo mílíìkì kékeré tí wọ́n ti là, a gé páànù róbótó bo ojú rẹ̀, a dá ihò sí àárín ìdérí náà, a sì ki ọ̀pá tóóró tí òun fúnra rẹ̀ ká láti ara páànù sínú ihò yìí kí òwú lè gba ibẹ̀ yọ. Lẹ́yìn náà ni ó máa ń fi òjé lẹ etí rẹ̀ pa, tí ó sì ń tẹ ègé páànù kan di ọwọ́ ìdìmú. Agolo yẹ iṣẹ́ yìí nítorí pé ó fẹ́lẹ́ tó ohun tí àlùmọ́gàjí lè gé, ojú ìsopọ̀ rẹ̀ kì í jò, kò sì lè gbiná. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kì í kun lẹ́tà tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ sí ara agolo náà pa, èyí sì dára púpọ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá gbé fìtílà náà yóò rí ibi tí ó ti wá àti ohun tí ó dà lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n kí ìfẹ́ ọnà má fi ewu pamọ́: fìtílà tí kò ní gíláàsì a máa rú èéfín dúdú sí imú àwọn tí ó jókòó tì í, bí wọ́n bá sì ti fi epo bẹntiróòlù lú kẹrosíìnì, ó lè gbiná mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Kò sí ẹ̀bi lọ́rùn ẹni tí ó fi iná tí a ń fi oòrùn tàbí bátìrì tàn pààrọ̀ rẹ̀.

Àwọn ọmọdé ni jórinjórin tí kò gba owó. Agolo sàdínnì, nítorí pé ó gùn tí ó sì ní igun, ni ó ń di ara ọkọ̀. Ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tàbí rọ́bà sálúbàtà tí ó ti jẹ ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹyọ ìgbálẹ̀ tàbí wáyà ni ó so ẹsẹ̀ méjì pọ̀. Ọmọ tí kò bá dá ihò náà sí àárín gbùngbùn yóò rí i pé ọkọ̀ òun ń tiro, yóò sì wá òmíràn gé láìsí pé olùkọ́ kan bá a wí. Ẹ̀kọ́ ìṣirò àti ti ẹ̀rọ wà nínú èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé eré ni àgbà ń pè é.

Lásìkò ọdún, ọnà yìí a máa jáde síta. Nínú oṣù Ààwẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ajísàárì tí ó ń jí àwọn Mùsùlùmí kí wọ́n lè jẹ sàárì kì í dúró de ẹni tí yóò ra ìlù fún wọn. Agolo, ìgò àti igi ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi bẹ̀rẹ̀. Inú orin ajísàárì bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní wéré, ni Síkírù Àyìndé Barrister (1948 sí 2010) ti dàgbà kí ó tó sọ ọ́ di fújì. Lẹ́yìn Iléyá, ilé mìíràn a máa na awọ àgbò sí oòrùn kí ó lè di ohun ìjókòó tàbí ìkírun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé pọ̀ǹmọ́ ti ń gba iṣẹ́ yìí mọ́ ọn lọ́wọ́. Nínú àwọn ìjọ Kristẹni tí ó ń ṣe Ọjọ́rú Eérú, imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n gbé lọ́jọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, tí àwọn ọmọ ti hun di àgbélébùú, ni wọ́n ń sun lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e láti fi eérú rẹ̀ sàmì sí iwájú orí. Ní Kérésìmesì, kàlẹ́ńdà ọdún tí ó ń lọ ni wọ́n ń gé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ tútù lẹ̀ di ẹ̀wọ̀n tí a ń fi kọ́ àjà ilé. Kò sí ohun tí ó tún yẹ kàlẹ́ńdà tí ọjọ́ rẹ̀ ti pé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó yẹ kí a ya ohun kan sọ́tọ̀ níhìn-ín, nítorí pé àwọn òǹkọ̀wé kan máa ń ṣì í mú. Wọ́n a rí ègé aṣọ oríṣiríṣi tí ó ń fò lára egúngún, wọ́n a sì pè é ní iṣẹ́ àkísà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Aṣọ olówó iyebíye, àrán àti dámáàsìkì, ni ẹbí ń rà tí wọ́n sì ń gé sí wẹ́wẹ́ fún egúngún ilé wọn, wọ́n sì lè máa fi tuntun kún un lọ́dọọdún láti bọlá fún àwọn tí ó ti lọ. Ẹni tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ń náwó ni, ó fẹ́ kí a rí owó náà. Egúngún àwọn ọmọdé, èyí tí wọ́n ń fi àpò ìrẹsì, àkísà àti páálí ṣeré káàkiri àdúgbò, ni ó wà lábẹ́ orí ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọnà yìí wọ ilé ìṣàfihàn fi hàn pé òfin rẹ̀ kò yí padà. Romuald Hazoumè, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní Benin, ní 1962, ń fi kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń fa bẹntiróòlù láti Nàìjíríà wọ Benin ṣe agọ̀. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ojú sí i: ẹnu kẹ́ẹ̀gì ni ó di ẹnu, ìdìmú rẹ̀ ni ó di imú. Nínú La Bouche du Roi, tí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Britain rà ní 2007, kẹ́ẹ̀gì 304 ni ó tò ní ìrísí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ń kó ẹrú. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ti lò dé góńgó kí wọ́n tó jù ú nù ni ó fi sọ ìtàn ènìyàn tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí, ohun èlò tuntun kankan kò sì lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Pẹ̀lú òṣùwọ̀n yìí lọ́wọ́, a lè ṣe ìdájọ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe lónìí. Àjákù ànkárá tí àwọn aránṣọ ń gbá dà nù ni àwọn kan ń rán pọ̀ di èèpo tìmùtìmù àti aṣọ ìbora ọmọdé. Iṣẹ́ gidi ni, nítorí pé ègé kékeré tí kò tó aṣọ kan di ohun tí ó lágbára nígbà tí ojú rírán bá pọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ oníwèé náà dára, nítorí pé bébà tí a gé ní onígun mẹ́ta gígùn, tí a wá ká láti ìdí dé ṣóńṣó, ni ó fúnra rẹ̀ ń fún ìlẹ̀kẹ̀ náà ní ikùn. Ṣùgbọ́n ìgò tí a ra okùn tuntun wé láti òkè délẹ̀, tí a kùn ní àwọ̀ wúrà, tí a sì ki òdòdó oníke tí a rà lọ́jà sínú rẹ̀ kò ní àlòkù nínú mọ́. Ó ti bo ìgò mọ́lẹ̀, ó sì ti náwó ju àwo òdòdó lọ. Àtúnrò gbọ́dọ̀ wà nípa ọ̀rá pẹ̀lú. Mílíìkì inú ọ̀rá kékeré ti ń lé agolo kúrò nínú ilé, ọ̀rá píọ́wọ́tà sì kún gbogbo gọ́tà. Ọ̀rá kò lè ṣe iṣẹ́ agolo, nítorí pé ó ń yọ́ níwájú iná, èéfín rẹ̀ sì burú. Ṣùgbọ́n kì í jẹrà, omi kì í sì í wọ̀ ọ́, nítorí náà gígé tẹ́ẹ́rẹ́ kí a fi hun àpò ọjà àti ẹní ni ó bá a mu.

Ní ilé ẹ̀kọ́ ni ọnà yìí ti ń fara gbá jù lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ, àmọ́ ọ̀pọ̀ òbí ni ó ń lọ ra ìgbálẹ̀ lọ́jà, tàbí tí wọ́n ń sanwó fún ẹlòmíràn láti hun ìnusẹ̀, kí ọmọ lè rí nǹkan fi sílẹ̀ kó gba máàkì. Ọmọ náà kò gé nǹkan kan, kò sì so nǹkan kan. Kí àwọn olùkọ́ dáwọ́ èyí dúró. Kí wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ohun kan tí wọ́n fẹ́ dà nù nílé wá, kí wọ́n jẹ́ kí ó sọ ohun tí ohun náà ṣì lè ṣe kí ó tó gbé àlùmọ́gàjí, kí wọ́n sì fún un ní máàkì lórí bóyá èyí tí ó ṣe ń ṣiṣẹ́.