Ikú Olókùn-Ẹṣin: Akin Ni Tàbí Ojo?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sìn. Òwe yìí ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí akẹ́kọ̀ọ́ lọ́kàn nígbà tí a bá bi í léèrè bóyá akin tàbí ojo ni ẹ̀dá-ìtàn tó fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe náà nìkan kò tó láti fi dá ẹjọ́ yìí, nítorí ẹni tó sá fún ẹ̀sìn lè máà fi ẹ̀mí rẹ̀ rúbọ fún ẹnikẹ́ni. Nínú Efúnṣetán Aníwúrà, eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní 1970, Efúnṣetán gbé májèlé jẹ lẹ́yìn tí Látòósà ti borí rẹ̀. Ara rẹ̀ nìkan ló gbà lọ́wọ́ ẹ̀gàn.

Ọ̀rọ̀ ìrúbọ gan-an wà nínú eré Wọlé Ṣóyínká tó jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1975, tí Ìṣọ̀lá sì túmọ̀ sí Ikú Olókùn-Ẹṣin. Orí ìṣẹ̀lẹ̀ kan tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1945 ni òǹkọ̀wé gbé e kà. Ọba ti wàjà, ó sì di dandan kí Ẹlẹ́ṣin bá a lọ. Ọjọ́ pẹ́ tí Ẹlẹ́ṣin ti ń jẹ iyì àti adùn tó so mọ́ ikú náà. Síbẹ̀, ní alẹ́ ọjọ́ tó yẹ kí ó lọ, ó tún gbé ìyàwó tuntun. Lóòótọ́, Pilkings ajẹ́lẹ̀ ló mú un, ọ̀pọ̀ olùdánwò sì máa ń di gbogbo ẹ̀bi ru òyìnbó yìí. Èyí kò tọ̀nà. Ṣóyínká fúnra rẹ̀ kìlọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú pé kí a má ṣe sọ eré náà di ìjà àṣà méjì lásán. Ẹlẹ́ṣin pàápàá, nínú àtìmọ́lé, jẹ́wọ́ pé adùn ayé wà lára ohun tó wọ́ òun lẹ́sẹ̀.

Olúńdé, ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ ìṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kú dípò rẹ̀. Jane, ìyàwó Pilkings, sọ fún un nípa ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan tó bá ọkọ̀ rẹ̀ bú gbàmù kí àwọn ará èbúté má baà ṣègbé. Jane kò gbà pé ó yẹ kí ènìyàn fi ẹ̀mí rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwúrí ni ọ̀rọ̀ náà jẹ́ fún Olúńdé. Ibẹ̀ ni òǹkàwé ti rí i pé ìrúbọ kì í ṣe àṣà Yorùbá nìkan.

Agbára ni ikú Olúńdé, ṣùgbọ́n agbára tó dun ni ni. Láti wá sin bàbá rẹ̀ ló ṣe padà wálé. Òun gan-an ni wọ́n wá gbé òkú rẹ̀ síwájú bàbá. Ìlú pàdánù ẹni tí ì bá di oníṣègùn wọn, ètò ayé sì dorí kodò: ọmọ ṣíwájú, bàbá tẹ̀ lé e. Nígbà tí Ẹlẹ́ṣin wá fi ẹ̀wọ̀n ọwọ́ rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn pa, ọwọ́ rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n àkókò ti kọjá. Òun ni òwe ikú yá ju ẹ̀sìn bá mu. Olùdánwò tó bá fẹ́ dá ẹjọ́ àwọn méjèèjì kò gbọdọ̀ wo ikú wọn nìkan. Kí ó wo ẹni tí wọ́n kú fún, kí ó sì wo ìgbà tí wọ́n kú.