Orin Tí Sam Kò Kọ́ Tán: Ahoro Amon Sûl Nínú Ìwé Tolkien

Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti wo apá kìíní fíìmù The Lord of the Rings, èyí tí Peter Jackson gbé jáde ní ọdún 2001. Tí ẹ bá ti wò ó, ẹ ó rántí òkè kan tí wọ́n ń pè ní Weathertop. Òru ni. Àwọn hobbit, ìyẹn àwọn ènìyàn kúkúrú inú ìtàn náà, dáná oúnjẹ láàárín ahoro. Àwọn ẹlẹ́ṣin aláṣọ dúdú rí iná náà, wọ́n gòkè wá bá wọn, wọ́n sì gún Frodo lọ́bẹ. Fíìmù náà dẹ́rù bani dáadáa. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ka ìwé tí J. R. R. Tolkien kọ, èyí tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní ọdún 1954, ẹ ó rí i pé nǹkan pàtàkì kan sọnù nínú fíìmù. Nǹkan náà ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ kan. Ahoro ni à ń pe ilé tàbí ìlú tí àwọn ènìyàn ti gbé rí, tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́. Ṣé ẹ rí i? Kì í ṣe òkúta tó wó ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí jù. Àwọn ènìyàn tó ti lọ ni.

Nínú fíìmù, ọ̀wọ̀n àti ère òkúta ṣì wà lórí òkè náà. Ojú lásán ti tó láti mọ̀ pé ibi ńlá ni tẹ́lẹ̀. Nínú ìwé, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nígbà tí Frodo, Merry àti Strider tó jẹ́ amọ̀nà wọn gun orí òkè, òbìrìkìtì òkúta àtijọ́ tí koríko ti bò ni wọ́n bá, àti òkìtì òkúta fífọ́ kan láàárín rẹ̀. Kò sí nǹkan mìíràn. Kódà, wọn kò gún Frodo lórí ahoro náà. Inú kòtò kan ní ẹ̀gbẹ́ òkè ni wọ́n ti gún un. Kí ló wá dé tí ilé ìṣọ́ tí kò sí mọ́ yìí fi hàn sí wa kedere bẹ́ẹ̀? Ọ̀rọ̀ ẹnu ni Tolkien fi kọ́ ọ. Kì í ṣe òkúta.

Ẹnu Strider la ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kí wọ́n tó dé òkè náà pàápàá. Ó ní àwọn ènìyàn ìwọ̀-oòrùn kọ́ ilé ìṣọ́ gíga síbẹ̀ láyé àtijọ́, wọ́n sì pè é ní Amon Sûl. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni Òkè Afẹ́fẹ́. Níbẹ̀ ni Elendil ọba dúró sí, tó ń retí Gil-galad, ọba àwọn Elf, kí àwọn méjèèjì lè jọ lọ sójú ogun. Àtọmọdọ́mọ Elendil ni Strider fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ ilé baba rẹ̀ bí ẹni tó kàn ń kọjá lọ.

Merry wá béèrè pé, ta ni Gil-galad? Strider dákẹ́, ó ń ronú. Lójijì, ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ewì nípa Gil-galad. Gbogbo wọn yíjú pa dà pẹ̀lú ìyanu. Sam ni! Sam tó ń tọ́jú ọgbà fún Frodo, ẹni tí kò sẹ́ni tó rò pé ó mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀dọ̀ ọ̀gá Bilbo lòun ti kọ́ ọ nígbà tóun wà ní kékeré. Strider sọ fún un pé kì í ṣe Bilbo ló dá orin náà sílẹ̀. Èdè àtijọ́ kan ni wọ́n fi kọ ọ́, Bilbo ló ní láti túmọ̀ rẹ̀. Strider fúnra rẹ̀ kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Sam ní orin náà ṣì kù púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Mordor, ilẹ̀ ọ̀tá, ló wà níbẹ̀, ẹ̀rù sì ba òun, òun kò kọ́ apá yẹn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, ẹ dúró níbí díẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló dà bíi Sam. A gbọ́ ìdajì orin lẹ́nu àgbàlagbà kan. A kò mọ èdè tó ti wá dáadáa. Ibi tó bá sì le, a fò ó. Tolkien kò fi Sam ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí èyí. Ìdajì tó mọ̀ wúlò: lọ́jọ́ náà, òun nìkan ló dáhùn ìbéèrè Merry. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Mordor tí Sam sá fún nínú orin, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn ín dé ibẹ̀. Apá tí kò kọ́ ni apá tó padà wá bá a. Jackson yọ ewì yìí kúrò nínú fíìmù. Ó fún wa ní òkúta púpọ̀, ó sì gba ohùn lẹ́nu Sam. Lójú tèmi, pàṣípààrọ̀ yẹn kò dára.

Ìwé náà ní àléébù tirẹ̀ o. Strider sọ pé wọ́n sun ilé ìṣọ́ náà, wọ́n sì fọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò sọ ìdí rẹ̀. Àfikún ẹ̀yìn ìwé kẹta, tó jáde ní ọdún 1955, ni ẹ ó ti rí i. Ní ọdún 861 Sànmánì Kẹta, àwọn ọmọ ọba kan jà, wọ́n pín ìjọba Arnor sí mẹ́ta: Arthedain, Cardolan àti Rhudaur. Òkúta ìríran kan wà nínú Amon Sûl, èyí tí wọ́n fi ń rí ọ̀nà jíjìn, gbogbo wọn ló sì fẹ́ ẹ. Ní ọdún 1409, ogun Ọba Oṣó láti Angmar dé, ó sì dáná sun ilé ìṣọ́ náà. Àwọn àgbà bọ̀ wọ́n ní ògiri tí kò lanu, aláǹgbá kì í wọ̀ ọ́. Ìjà ilé ló la ògiri yẹn. Ọ̀rọ̀ tó wúwo báyìí kò yẹ kó fara pamọ́ sẹ́yìn ìwé, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà dé. Bóyá Tolkien náà fo apá tó le, àbí kí lẹ rò?

Torí náà, ẹ wo fíìmù náà, ó dùn. Ṣùgbọ́n ẹ padà ka ìwé, kí ẹ sì ka àfikún ẹ̀yìn rẹ̀. Tí ẹ bá dé ibi tí Sam ti dákẹ́, ẹ bi ara yín léèrè: orin wo ni èmi náà kò tíì kọ́ tán? Ó dìgbà kan ná.