Níbi Tí Ẹsẹ̀ Kò Gbèrò: Iṣẹ́ Renato Guttuso

Iṣẹ́ tí Renato Guttuso dáwọ́ lé pọ̀. Ìparí ọdún 1911 ni wọ́n bí i ní Bagheria, ní erékùṣù Sísílì, Róòmù ló sì kú sí ní 1987. Ó kun ọ̀dà, ó ya àwòrán sínú ìwé oúnjẹ Ítálì tí Elizabeth David, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 1954, ó ṣe ọ̀ṣọ́ ìtàgé, ó kọ lámèyítọ́, ó sì jókòó nílé aṣòfin àgbà lórúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú Kọ́múníìsì. Ó rọrùn láti sọ pé ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Èrò tèmi ni pé eku kan ṣoṣo ni Guttuso ń lé: bí ara ènìyàn ṣe ń rí níbi tí àyè bá ti há mọ́ ọn.

Ẹ wo La Vucciria, àwòrán ọjà ìlú Palermo ní Sísílì, tó yà ní 1974, tó wà ní ààfin Steri nílùú náà báyìí. Ìbú rẹ̀ tó mítà mẹ́ta, òró rẹ̀ náà bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ojú kò ríbi sinmi sí. Ẹran màlúù rọ̀ sókè, ẹja ẹlẹ́nu idà nà gbalaja, ẹyin, wàràkàṣì àti èso gun orí ara wọn, gílóòbù iná ń tàn lókè. Ọ̀nà tóóró kan ló la àárín ẹrù yìí kọjá. Obìnrin aláṣọ funfun kan kẹ̀yìn sí wa nínú rẹ̀, ọkùnrin kan sì ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀. Ọjà kún, ṣùgbọ́n agbára káká la fi rí ẹni tó ń wojú ẹnì kejì. Ara kan ara, ọ̀rọ̀ kò sí. Ọgbọ́n yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ rẹ̀. Nínú Crocifissione, àwòrán ìkànmọ́ àgbélébùú tó yà ní 1941 nígbà tí ogun ń jà, kò to àgbélébùú mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí àwọn àgbà ayàwòrán ti sábà máa ń ṣe. Ṣe ló kó wọn bo ara wọn, tí apá kan ara Jésù pàápàá fi wà lẹ́yìn ẹlòmíràn, ó wá gbé tábìlì irinṣẹ́ àwọn aṣekúpani síwájú, bíi pé àwa tí à ń wò ló kàn láti mú wọn. Àwòrán náà gba ipò kejì nínú ìdíje Bergamo ní 1942, ṣùgbọ́n ìhòòhò inú rẹ̀ bí Ìjọ Kátólíìkì nínú, wọ́n sì ka wíwò rẹ̀ léèwọ̀ fún àlùfáà.

Àwọn kan yóò ní ìránṣẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú ni Guttuso. Ẹ̀sùn yẹn ní ìdí: Ogun Afárá Ammiraglio, àwòrán tó yà nípa Garibaldi, ọ̀gágun Ítálì, ní 1951 sí 1952, pariwo ju bó ti yẹ lọ lójú mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí Togliatti, olórí ẹgbẹ́, bẹnu àtẹ́ lu ìpàtẹ àwòrán ìgbàlódé kan ní Bologna ní 1948, Guttuso wà lára àwọn tó fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi dá a lóhùn. Nígbà tó sì ya ìsìnkú ọkùnrin náà ní 1972, ojú àwọn èrò ló fi kún un, eérú ni àwọ̀ ojú wọn, àsíá nìkan ló pọ́n. Òkú fúnra rẹ̀ kéré láàárín wọn. Àwọn mìíràn ní yíya ènìyàn ti di ohun àtijọ́ nígbà tirẹ̀. Wọ́n gbàgbé pé Guernica ti Picasso, tí Guttuso ń mú àwòrán kékeré rẹ̀ kiri nínú pọ́ọ̀sì, wà lára ibi tó ti kọ́ bí a ṣe ń fún ara pọ̀. Ìlànà ìgbàlódé ló lò. Ènìyàn ni kò gbà kí ìlànà náà lé jáde nínú àwòrán.

Bí ẹ bá dé Palermo, ẹ yà sí Steri, kí ẹ dúró pẹ́ níwájú La Vucciria. Ẹ má kọ́kọ́ ka ọjà tó wà lórí àtẹ. Ẹ wá ibi tí obìnrin aláṣọ funfun yẹn yóò gbà kọjá.