Odò Ògùnpa Nínú Àwọ̀n Ìṣirò

Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ń kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n sì ń gbé relé sí Àgbówó àti Bódìjà nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká wọn, n kò rí èyí tó wuyì lójú tó ìṣirò ìṣàn omi àti afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni n kò rí èyí tó ń tan ọ̀gbẹ̀rì jẹ tó o. Ẹ̀rọ yóò ya àwòrán, pupa níbi tí omi gbé ń sáré, búlúù níbi tó gbé ń rọra lọ. Ẹni tó bá wò ó yóò sì gbà pé odò gan-an lòun ń wò, bẹ́ẹ̀ èsì ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ fún ẹ̀rọ ló ń wò.

Ìpìlẹ̀ ìmọ̀ náà kò ju méjì lọ. Èkíní ni pé omi tó bá wọ ibì kan tí kò ráyè jáde, gígasókè ló kù fún un. Èkejì ni pé omi kì í ṣàdédé yára, kì í sì í ṣàdédé falẹ̀, àfi bí nǹkan bá tì í tàbí tí nǹkan bá dì í lọ́wọ́. Navier, ará Faransé, kọ òfin kejì yìí sílẹ̀ ní 1822, Stokes tún un gbé kalẹ̀ ní 1845. Nígbà tó sì di 1871, Saint-Venant dín in kù fún odò tó gùn tó sì fẹ̀ ju bó ti jìn lọ, èyí tó bá Ògùnpa wa mu jù. Níwọ̀n bí kò ti sí ẹni tó lè fi bírò yanjú òfin wọ̀nyí fún odò tó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ láti Bódìjà gba Àgodi lọ sí Mọ́lété, a ó da àwọ̀n bò ó, a ó sì máa ṣírò rẹ̀ lójú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan: omi tó jáde lójú kan ni yóò wọ èyí tó tẹ̀ lé e.

Bí a bá fara balẹ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Ká ní omi jìn ní mítà 2, tó ń sáré mítà 3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbì orí irú omi bẹ́ẹ̀ yóò fi nǹkan bíi mítà 4.4 yára ju omi fúnra rẹ̀ lọ, àpapọ̀ rẹ̀ 7.4. Bí ojú àwọ̀n bá fẹ̀ ní mítà 10, ìṣísẹ̀ àkókò kan kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 1.3 lọ, kí ìgbì má baà fo ojú àwọ̀n kan kọjá láìjẹ́ pé ẹ̀rọ mọ̀. Courant, Friedrichs àti Lewy ló ṣe òfin yìí ní 1928, kí irú kọ̀ǹpútà tí a ń lò lónìí tó dáyé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sì rú u lè rí i kí omi inú ìṣirò rẹ̀ ga ju Cocoa House ní Dùgbẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, èèyàn lè pa gbogbo òfin wọ̀nyí mọ́ kó sì ṣìnà. Richardson, ará Ìlú Ọba, fi ọwọ́ ṣírò ojú ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún 1910, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1922: ìṣirò rẹ̀ ní ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ yóò fi hẹktopáskà 145 gòkè láàárín wákàtí 6, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mira. Nígbà tí àwọn mìíràn fi kọ̀ǹpútà tún iṣẹ́ náà ṣe, wọ́n rí i pé òfin rẹ̀ dára. Àwọn ìwọ̀n tó fi bẹ̀rẹ̀ ni kò bára wọn mu.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan Ìbàdàn Mesì Ọ̀gọ̀, ilé Olúyọ̀lé. Òjò ò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa: ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980, Ògùnpa kún àkúnya, Omíyalé tí a kò gbàgbé, ó sì gba ẹ̀mí tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011, àgbàrá tún ya wọ ìlú, kò sì yọ ọgbà Yunifásítì sílẹ̀. Wọ́n ti fi kọnkéré la ọ̀nà fún odò náà. Kọnkéré tó dán, nọ́ńbà tí à ń pè ní ti Manning, tí a fi ń wọn bí ojú ilẹ̀ ṣe ń dí omi lọ́wọ́, a máa tó 0.015, ṣùgbọ́n bí ọ̀rá, koríko àti mátírẹ́ẹ̀sì àlòkù bá kún inú rẹ̀, ó lè di 0.030, kòtò kan náà á sì wá máa gbé ìdajì omi tó ń gbé tẹ́lẹ̀. Nọ́ńbà kan ṣoṣo yìí lè ya ìṣirò tó gba ìlú là sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó pa á run, iye rẹ̀ fún Ògùnpa kò sì sí nínú ìwé kankan: inú odò ni à ń wá a lọ.

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn nínú bí a ti ń kọ́ni. Apá bàálù ni àpẹẹrẹ inú àwọn ìwé òkèèrè, akẹ́kọ̀ọ́ wa á ṣe é, á gba máàkì, kò sì ní fojú kan Ògùnpa. HEC-RAS, tí ẹ̀ka iṣẹ́ ẹ̀rọ ológun Amẹ́ríkà ń pín lọ́fẹ̀ẹ́, tó láti ṣírò odò náà. Owó kọ́ ni ìdíwọ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ rán wọn lọ sí Bódìjà àti Mọ́lété lẹ́yìn òjò, kí wọ́n fi okùn wọn ìjìn omi láti orí afárá, kí wọ́n fi igi tó léfòó àti aago wọn eré rẹ̀, kí wọ́n kọ ohun tó wà nínú kòtò sílẹ̀. Ẹni tí ìṣirò rẹ̀ kò bá tíì bá ìwọ̀n wọ̀nyí mu, ẹ má ṣe gba àwòrán lọ́wọ́ rẹ̀.