Òkú Ta Ni Ò Ń Sunkún Rẹ̀? Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Ìrànlọ́wọ́ Kan Ní Ìdíkọ̀ Ẹ̀rúnmu

Bí ọdẹ bá kú ní ilẹ̀ wa, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ ohun tí wọn yóò wí. Wọn yóò pé jọ láti ṣe ìṣípà fún un, wọn yóò sun ìrèmọ̀jé, wọn yóò ka igbó tí ó wọ̀ àti ẹran tí ó pa, ẹkún yóò sì di ewì. Àwọn àgbà onímọ̀ wa ti ṣe iṣẹ́ lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Adébóyè Babalọlá gbé ìwé rẹ̀ lórí ìjálá jáde ní 1966. Bádé Àjùwọ̀n sì gbé tirẹ̀ lórí ìrèmọ̀jé jáde ní 1982. A kò lè sọ pé a kò mọ bí a ti í kí òkú ọdẹ.

Ṣùgbọ́n bí ọdẹ kan náà bá wà lórí ẹní àìsàn, tí kò kú, tí kò sì lè dìde ń kọ́? Kí ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wí? Òótọ́ ni pé ọ̀fọ̀ wà, ìwúre sì wà. Ọ̀fọ̀ ń bá àrùn wí. Ìwúre ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo ń wá ni èyí tí a ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ aláìsàn sọ, tí wọn yóò fi na ọwọ́ sí àpò. N kò rí i nínú àwọn ìwé tí a ń kà ní kíláàsì. Ibi tí mo ti gbọ́ ọ ni ìdíkọ̀ àwọn ọlọ́kadà, àwọn tí irin ń gbé kiri, tí àwọn náà sì jẹ́ ọmọ Ògún bí ọdẹ ti jẹ́. Mo fẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò bí a ti ń yẹ ewì wò, nítorí pé lójú tèmi, ó yẹ bẹ́ẹ̀.

Ní ìgbà òjò tí ó kọjá, mo wà ní Ẹ̀rúnmu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá, mo ń wá ẹni tí yóò gbé mi dé abúlé kan. Kò sí ọlọ́kadà kan tí ó dá mi lóhùn. Gbogbo wọn ti gbé alùpùpù wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n kó ara wọn jọ sí abẹ́ àtíbàbà. Alága wọn dúró ní àárín, ike kan wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Wọ́n ti gbé e dé ilé ìwòsàn ní Ìbàdàn, wọ́n sì ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ẹ̀rọ ni yóò máa fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìtọ́jú yìí kì í ṣe èyí tí a ń ṣe lẹ́ẹ̀kan kí ó tán. Ẹ̀ẹ̀mẹta ní ọ̀sẹ̀ ni irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń nílò rẹ̀, àfi bí ó bá rí ẹni tí yóò fún un ní kíndìnrín mìíràn.

Ta ni àwọn tí wọ́n fẹ́ gbé ẹrù yìí? Orúkọ wọn gan-an, orúkọ àwàdà ni. Ní 1983 ni olóyè Gabriel Igbinedion dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Okada Air sílẹ̀, ó fi orúkọ ìlú rẹ̀ sọ ọ́. Nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé SAP dé ní 1986, tí iṣẹ́ wọ́n, tí ọkọ̀ sì gbówó lórí, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí fi alùpùpù kérò. Ará ìlú sì fi orúkọ ọkọ̀ òfurufú pe ohun tí kò lè fò. Ní irú ìlú bí Ẹ̀rúnmu, àgbẹ̀ ni ẹlòmíràn nínú wọn, télọ̀ tàbí bíríkìlà ni ẹlòmíràn. Ohun tí wọ́n rí ní òwúrọ̀ ni wọ́n ń jẹ ní alẹ́. Bí ènìyàn bá ní kí irú wọn mú owó jáde, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní láti jẹ́ ọ̀rọ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹnu rẹ̀ dùn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àgbájọ ọwọ́ tí a fi ń sọ àyà, ó sì to òwe bíi mẹ́fà lé ara wọn, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá gbé wọn lọ sí ibi ìgbéyàwó, wọn yóò bá ibẹ̀ mu. Lẹ́yìn náà ni ó kan aláìsàn fúnra rẹ̀. Ó ní: “Ó jẹ́ ènìyàn dáadáa. Ó máa ń gbé arúgbó láìgba kọ́bọ̀. Kì í bá ènìyàn jà. Ẹ̀rín ni ó máa ń rín.” Bí ó ti ń sọ ọ́, mo rí i tí àwọn kan ń mi orí, tí ọ̀kan sì fi ọwọ́ nu ojú. Àṣé ibẹ̀ ni ó ti ṣìnà. Bàbá kan tí ó jókòó lórí alùpùpù rẹ̀ pariwo mọ́ ọn pé: “Ìwọ ọmọ yìí, òkú ta ni ò ń sunkún rẹ̀?”

Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, bàbá.” Alága sì gba ọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí a jọ ń kọ́ èdè, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó mú bàbá bínú. Kò sí ọ̀rọ̀ ikú kankan nínú ohun tí ọmọ náà wí. Nínú èdè wa, “Ó jẹ́ ènìyàn dáadáa” ṣeé sọ nípa alààyè, ó sì ṣeé sọ nípa òkú. Bẹ́ẹ̀ náà ni “ó máa ń”. Ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í fi ara rẹ̀ hàn bíi ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí lẹ́tà díẹ̀ yóò fi sọ fún wa pé nǹkan ti kọjá. Báwo wá ni bàbá náà ti ṣe mọ̀ pé ẹkún òkú ni? Ètò ọ̀rọ̀ náà ni ó fi mọ̀. Bí a bá to ìwà rere ènìyàn lẹ́sẹẹsẹ, tí a kò sọ ohun tí ó ń ṣe ní òwúrọ̀ yìí, tí a kò sì sọ ohun tí yóò ṣe ní ọ̀la, etí Yorùbá ti gbọ́ ìrèmọ̀jé. Gírámà kò pa ọkùnrin náà. Ètò ọ̀rọ̀ ni ó fẹ́ pa á. Èyí ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí mo kọ́ níbẹ̀, olùkọ́ mi kò sì fi ẹsẹ̀ kan ilé-ẹ̀kọ́ gíga rí.

Ẹ gbọ́ ti alága. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ti lè rántí rẹ̀, mo sì fi Lágbájá dípò orúkọ:

“Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ kú ìdúró. N kò pè yín láti wá ṣàánú ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ oko ni mo pè yín sí. Baba yín ṣe àáró, baba tèmi ṣe àáró. Oko Lágbájá ni ó kàn lónìí. Ó ti ro tèmi rí: nígbà tí ẹsẹ̀ mi kán, òun ni ó ń gun alùpùpù mi, tí ó ń mú owó wá fún ìyàwó mi ní alaalẹ́. Ẹ̀yin tí ó ti ro tiyín, ẹ mọ ara yín. Ẹ̀yin tí kò tí ì ro tiyín, yóò ro ó. Ó wà nílé nísinsìnyí, ó ń mu ẹ̀kọ, ó ń béèrè ẹni tí ó ń lo táyà rẹ̀ tuntun. Iye tí ọwọ́ yín bá ká ni kí ẹ mú wá. Akọ̀wé yóò kọ ọ́ sílẹ̀, a ó sì kà á sí etígbọ̀ọ́ gbogbo wa. Sátidé tí ń bọ̀, a ó tún pàdé níbí.”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín nígbà tí ó dé orí táyà, ike náà sì bẹ̀rẹ̀ sí kún.

Ohun mẹ́ta ni mo rí yìn nínú ọ̀rọ̀ kúkúrú yìí. Èkíní ni pé ó dá ọkùnrin náà padà sáàárín alààyè. “Ó ń mu ẹ̀kọ, ó ń béèrè”: ohun tí ń lọ lọ́wọ́ nìyẹn. “Yóò ro ó”: ohun tí ń bọ̀ nìyẹn. Ó sì fi táyà pa wọ́n lẹ́rìn-ín, nítorí pé òkú kì í béèrè táyà.

Èkejì ni àáró tí ó fi lé àánú lọ. Àwọn tí wọ́n ka ìwé N. A. Fádípẹ̀ lórí àwùjọ Yorùbá, èyí tí a tẹ̀ ní 1970, yóò rántí pé àáró yàtọ̀ sí ọ̀wẹ̀. Ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ yóò pe èrò, yóò fún wọn ní oúnjẹ. Àwọn aláàáró ní tiwọn ń yípo oko ara wọn ni, ẹni tí a ro tirẹ̀ lónìí yóò ro ti ẹlòmíràn ní ọ̀la. Ẹni tí a ṣàánú wà nísàlẹ̀, ẹni tí ó ṣàánú wà lókè. Ẹni tí àáró kàn kò sí nísàlẹ̀ ẹnikẹ́ni; àyípo rẹ̀ ni ó dé. Ní ìlú tí oko yí ká bí Ẹ̀rúnmu, kò sí ẹni tí a ní láti túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí fún. Ọ̀rọ̀ kan péré ni alága lò, ó fi bo ìtìjú ọkùnrin náà àti ti ìyàwó rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí ó ṣe nígbà tí ẹnì kan kùn lẹ́yìn pé, “Ṣé kì í ṣe paràga tí ó ń mu ni?” Alága kò jiyàn, kò sì búra fún un. Ó ní: “Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, omi ni a ń gbé lọ, ìbéèrè di ọ̀la.” Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé ìtàn Ṣẹ̀gilọlá tí I. B. Thomas kọ sínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láàárín 1929 àti 1930, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè wa. Níbẹ̀, obìnrin aláìsàn ni ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn, bí ó sì ti ń ròyìn ni ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi: ìyà ìgbésí ayé ọ̀dọ́ rẹ̀ ni àìsàn rẹ̀ jẹ́. Ìwé ńlá ni, àwọn òǹkàwé ìgbà náà sì gbà á gbọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi kọ lẹ́tà sí i. Ṣùgbọ́n nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni aláìsàn ní láti kọ́kọ́ jẹ́wọ́ kí etí tó ṣí sí i. Ní ìdíkọ̀ Ẹ̀rúnmu, wọn kò béèrè ìjẹ́wọ́. Mo rò pé ọ̀nà yìí ni àwọn òǹkọ̀wé wa kò tí ì rìn tó.

Bí mo bá dúró níhìn-ín, mo ti di apohùnrere lásán. Àléébù wà, inú ohun tí mo yìn gan-an ni ó sì wà. Àáró dúró lórí pé ẹni tí a ro oko rẹ̀ yóò dìde. “Yóò ro ó,” ni alága wí. Bí kò bá lè ro ó mọ́ láéláé ń kọ́? Ṣé irọ́ kọ́ ni alága pa fún àwọn ènìyàn rẹ̀? Ìbéèrè yìí kò jẹ́ kí n sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mo padà sí Ẹ̀rúnmu ní Sátidé kẹrin. Alága wà níbẹ̀, ike wà níbẹ̀, akọ̀wé ń ka orúkọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó pé jọ kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni alága sọ. Wọn kò rẹ́rìn-ín sí táyà mọ́.

Ohun tí mo rí nìyí. Ìrèmọ̀jé rọrùn ní ọ̀nà kan: òkú kan, ìṣípà kan, ó parí. Ọ̀rọ̀ aláìsàn kò ní ìparí tí a mọ̀, nítorí náà ó ní láti máa di tuntun bí àìsàn náà ti ń yí padà. Àwọn baba wa ní, bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú babaláwo máa dífá ọrọọrún. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń fẹ́ fífọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta ní ọ̀sẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a sọ ní oṣù tí ó kọjá kò lè gbé e. Ní ti “yóò ro ó”, n kò pè é ní irọ́ mọ́. Àwọn tí wọ́n wà níbẹ̀ kì í ṣe ọmọdé. Wọ́n mọ̀ pé ó lè má dìde. Ẹ̀jẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà: àyè rẹ̀ nínú àyípo ṣì wà, àwọn kò ní fi fún ẹlòmíràn nígbà tí ẹ̀mí rẹ̀ bá wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ́ yàtọ̀ sí owó, ó sì yẹ kí alága sọ ọ́ ní gbangba pé oko yìí lè pẹ́ kí ó tó tán.

Ọ̀rọ̀ mìíràn kan àwa tí a ń kọ́ èdè. Òfin ètò adójútòfò ìlera ti 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà láti wà nínú ètò ìlera. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀ bí kò ṣe kí a máa dá owó jọ kí àìsàn tó dé, kí oko tó kan ẹnikẹ́ni? Àáró ni, tí a bẹ̀rẹ̀ ní àsìkò. Síbẹ̀, bí mo ti bi àwọn ọlọ́kadà mẹ́rin léèrè ohun tí adójútòfò jẹ́, ọ̀kan ní ilé-iṣẹ́ ọlọ́kọ̀ ni, àwọn mẹ́ta tí ó kù mi orí. Àwa tí a ń túmọ̀ òfin ni ẹ̀bi yìí kàn. A ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò bá Gẹ̀ẹ́sì dọ́gba, a kò sì wá èyí tí alága Ẹ̀rúnmu ti ní lẹ́nu.

Nígbà tí mo ń kọ èyí, ọkùnrin náà ṣì ń lọ sí ilé ìwòsàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí bàbá bá wí ni ó ń gun alùpùpù rẹ̀ báyìí, tí ó sì ń gbé owó lọ fún ìyàwó rẹ̀ ní alaalẹ́. Mo bá a pàdé ní ìdíkọ̀, mo bi í pé báwo ni ẹ̀gbọ́n. Ó ní: “Ó ń bínú pé mo ń sáré jù pẹ̀lú táyà òun.”

Ó ti mọ bí a ti ń sọ ọ́.