Níbo Ni Àwọn Ìmàle Wà Nínú Fíìmù Ọ̀yọ́ Àtijọ́?



Ẹ̀yin jámáà, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ọ̀rọ̀ fíìmù ni mo mú wá. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo fẹ́ bú àwọn tó ń ṣe é. House of Ga'a tí Bolanle Austen-Peters darí, tó jáde lórí Netflix ní oṣù Keje ọdún 2024, iṣẹ́ gidi ni. Femi Branch ṣe Baṣọ̀run Gáà débi pé ẹ̀rù rẹ̀ á bà yín nínú yàrá yín.

Àwọn èèyàn tó kún Ọ̀yọ́ nígbà náà ni mo ń wá. Ọ̀yọ́ tí Gáà jẹ gàba lé lórí láti nǹkan bí ọdún 1754 títí wọ́n fi pa á ní 1774, kì í ṣe Yorùbá nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹṣin ni agbára ogun rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá àti Tápà ni ẹṣin sì ti ń wá. Ẹni tó ń mú ẹṣin wá, tó tún ń kírun, ṣé kò ní ojú àti ẹnu ni?

Wọ́n fi ọmọbìnrin Tápà kan sí i, Zeinab. Mo gbóríyìn fún wọn, nítorí kì í ṣe ọmọ tó kàn ń gbé omi kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ̀san ni ìtàn náà fi gbé e, kì í ṣe ẹ̀sìn. Zeinab! Orúkọ ọmọ Ànábì. Báwo ni orúkọ yẹn ṣe dé ilẹ̀ Tápà?

Samuel Johnson, àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì ni, ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1921. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé nígbà Aláàfin Ajíbóyèdé, tipẹ́tipẹ́ ṣáájú Gáà, ọmọ ọba kú, ọba sì fi ìbínú pa àwọn ìjòyè. Ni Ààfáà Tápà kan, Baba Kéwú, bá rán Baba Yìgì sí i pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ó dá sí Ọlọ́hun. Ẹ gbà mí o! Àlejò kan dúró níwájú Aláàfin tí ẹ̀jẹ̀ kò tíì gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Fíìmù wo ló tún ń wá ìran ju èyí lọ?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré lásán. Àwọn ọmọ wa ń wo fíìmù bí ìwé ìtàn. Wọ́n á dé ilé kéú, wọ́n á ní ṣebí jìhádì Ìlọrin ló gbé ẹ̀sìn yìí dé, a ò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí la fẹ́ fi hàn wọ́n?

Àwọn kan nínú wa á ní kí gbogbo Ààfáà inú fíìmù jẹ́ ẹni mímọ́. Èmi ò sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan máa ta tírà, kí òmíràn jẹ gbèsè, kí ẹ̀kẹta sọ òótọ́ fún ọba. Èèyàn ni wọ́n.

Tí wọ́n bá sì fẹ́ ìtàn tí oríṣiríṣi èèyàn kún inú rẹ̀, kí wọ́n wá sí Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ibí ló forí lé, Mùsùlùmí sì pọ̀ nínú àwọn tó tẹ̀ lé e. Olórí ogun rẹ̀, Òṣòdì Tápà, ọmọ Tápà ni, bí orúkọ rẹ̀ ṣe wí. Wọ́n bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́ ní 1854. Nígbà tí Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó ní 1862, àwọn tó bá a padà ló tẹ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó dó ní erékùṣù Èkó. Títí dòní, Èkó Ẹ̀pẹ́ wà, Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ wà, ahọ́n wọn ò sì dọ́gba. (Nínú fíìmù, bí ẹni pé tíṣà kan ṣoṣo ló kọ́ gbogbo ayé ní Yorùbá.)

Irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ò ní béèrè ẹṣin púpọ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi jagun, ọ̀sà náà ṣì wà níbẹ̀.